Omi Inú Àmù Àsàmáù

Bí ẹ ò bá fẹ́ gbà á gbọ́, ẹ fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí Àsàmáù tó ń se ọṣẹ dúdú n'Ìwàrò-Ọ̀kà ti kú, Badmus ọmọ rẹ̀ kò mu omi mìíràn ju ti inú àmù ìyá rẹ̀ lọ. Ó ní ó di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣàdúà ogójì. Ètè rẹ̀ ń bó, ahọ́n rẹ̀ ti dégbò. Ẹ̀rù ń ba Muhsinah ọmọ rẹ̀ pé bàbá òun náà ń lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kẹ́místrì wọn nílé ìwé n'Ìkàrẹ́ bu zobo sínú ife méjì. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ásíìdì nìyẹn. Ó da omi eérú sí èkejì, ó di àwọ̀ ewé. Báàsì nìyẹn, òun la fi ń se ọṣẹ, ó sì lè bó èèyàn lẹ́nu. Muhsinah kò gbọ́ ìyókù mọ́. Ó rọ zobo sígò, ó gun ọ̀kadà wálé.

Ó bu omi àmù, ó kán zobo sí i. Ó di àwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó jó èèpo kòkó fún eérú ọṣẹ nínú ilé náà láti ọjọ́ tí ìyá àgbà ti kú. Ó da omi náà nù, ó fọ àmù, ó fa omi kànga. Ó kán zobo sí ti inú korobá, àwọ̀ rẹ̀ kò yí. Ó wá da omi korobá náà sínú àmù, ó tún un bù: àwọ̀ ewé. Orí rẹ̀ wú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Badmus wọlé, ó nawọ́ sí ife.

“Bàbá mi, ẹ má mu ún. Omi eérú ni.”

“Mo mọ̀,” Badmus wí. “Láti ọjọ́ kẹta tí ìyá mi kú ni mo ti mọ̀.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Irú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni Àsàmáù ń rọ omi mímu àti omi eérú sí. Ahọ́n ló fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ tí ibà dá a dùbúlẹ̀, òùngbẹ gbẹ ẹ́, Badmus sì ń kánjú lọ sóko. Kẹ́ẹ̀gì tó sún mọ́ ọn ló rọ fún un, kò tọ́ ọ wò; omi eérú ló wà nínú rẹ̀.

“Ibà la ní ó pa á,” Badmus wí, ó ń sunkún. “Èmi ni mo pa ìyá mi. N ò sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni rí.”

Muhsinah wo ife ọwọ́ rẹ̀: àwọ̀ ewé náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀, pupa zobo ń padà bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fún ọsàn sí i. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún bàbá rẹ̀.

“Ẹ máa mu ún, bàbá mi. Ìyá àgbà ti gbọ́.”