Àáró Láìnì

Láìnì fúnra rẹ̀ ló jókòó sí pálọ̀ ilé wa ní Ìkìrun, ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan tó sanra tó itan mi. Ìdajì ara rẹ̀ wà lórí àga, ìyókù gba ojú fèrèsé jáde, ó wọ inú ilẹ̀ lọ. Ó ní, "Rọra o, bàbá ẹ ló wà nídìí mi lọ́hùn-ún."

Mo gbé etí lé e, mo gbọ́ ikọ́ bàbá mi. Wọ́n ti kú kí ilé náà tó ní òrùlé. Wọn ò sùn nínú rẹ̀ rí. Ohun tó ń dùn mí jù láyé nìyẹn.

Àwọn mẹ́ta kan ti di láìnì mú. Apẹja ará Ẹ̀pẹ́ ní ara rẹ̀ lòun ń so ìwọ̀ mọ́. Bíríkìlà ní òun ló ń nà án kí ògiri má baà wọ́. Bàbá kan tó wọ kakí rélùwéè ní bí kò bá sí láìnì, inú oko ẹ̀gẹ́ ni ọkọ̀ ojú irin òun yóò máa sá sí. Olúkúlùkù ń fà á síbi tirẹ̀. Nígbà tó sú wọn, bíríkìlà yọ ayùn pé kí wọ́n gé e pín.

Mo kígbe pé bàbá mi ń bẹ nídìí rẹ̀.

"Ṣé bàbá tìẹ nìkan ló kú ni?" ni bíríkìlà wí.

Mo ní ká fi ṣe àáró: kí gbogbo wa fà á fún ẹnì kan, ká tún fà á fún ẹlòmíràn, kó kàn mí kẹ́yìn.

Apẹja rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ rèé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

A fà á fún apẹja, ẹja kan tó ga tó mi jáde láti inú sìmẹ́ńtì, ó kí wa. A fà á fún bíríkìlà, gbogbo ògiri tó wọ́ ládùúgbò nàró. A fà á fún bàbá rélùwéè, ọkọ̀ ojú irin gba pálọ̀ kọjá, àwọn èrò inú rẹ̀ ń ná ọsàn lọ́wọ́ mi.

Ló wá kàn mí. Apẹja ti gbé ẹja rẹ̀ léjìká, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹja náà ló bá a wí: "Wọ́n ti bá ọ ṣe tìẹ. Padà." Apẹja gbé e jókòó sórí àga, ó padà wá di láìnì mú.

A fà. Ilẹ̀ mì. Bàbá mi yọ orí, wọ́n yọ èjìká, wọ́n bẹ́ sókè sáàárín wa. Mo hó yèè, inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Láìnì náà hó.

Bàbá mi wo òkè. "Àwẹ̀ró, o kan òrùlé náà?"

"Mo kàn án, bàbá mi."

Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ tí wọ́n ń hanrun. Bí wọ́n bá ti fa èémí, òrùlé á gbéra, oòrùn á wọlé. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, òrùlé á rọra balẹ̀.