Orúkọ Tí Mo Pè ní Tan'im

Àbẹ̀bí ló yẹ kí n pè. Àbẹ̀bí, ìyá Àlàájà Níímọ̀tà. Láti àdúgbò Jarwal ní Mẹ́kà títí bọ́ọ̀sì fi dé Tan'im, níbi tí ará Mẹ́kà ti ń wọ háràmí, ni mo ń tún un pè lábẹ́ ahọ́n, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbàgbé ohun tó fẹ́ rà. Mo wọ háràmí, mo kírun ràkáà méjì, mo la ẹnu — orúkọ bàbá mi ló jáde. "Mo jẹ́ ìpè Rẹ, Ọlọ́run, pẹ̀lú úmúrà yìí, fún Sirajudeen."

Háà. Sàmádù, kí lo ṣe yìí?

Ìlọ kẹta rè é láàárín òkè Sáfà àti Máríwà, méje ni gbogbo rẹ̀, n kò sì tíì mọ ẹni tí mo ń rìn fún. Ọjọ́ kejì ọdún ìtúnu ààwẹ̀ lòní. Àwọn ọmọ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wọ aṣọ tuntun, òórùn tùràrí wà lára wọn. Èmi ń ka ìlọ, mo ń ṣì í kà.

Ó yẹ kó rọrùn. Ọdún kẹta mi nílé-ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn nìyí. Bí ẹlòmíràn bá bi mí, kò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí n ó fi dáhùn: ahọ́n ò léegun, ọkàn là ń wò, úmúrà Àbẹ̀bí ni, máa bá a lọ. Ó tán. Ṣùgbọ́n ta ló wà lọ́kàn mi nígbà yẹn? Ta ni… Rárá. Máa rìn.

Àlàájà Níímọ̀tà. Ojú wo ni n ó fi wò wọ́n? Àná ni mo jẹun ọdún lọ́dọ̀ wọn ní Jẹ́dà, nínú yàrá tí wọ́n ti ń ránṣọ ní àdúgbò Sabeel. Ọdún kọkànlá rè é tí wọ́n wá ṣe úmúrà tí wọn kò padà sílé. Wọn kò ní ìkáámà, ìwé ìgbélùú. Bí wọ́n bá wọkọ̀ wá sí Mẹ́kà, tí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà bá bèèrè ìwé, ilé tààrà ni wọ́n máa dá wọn padà sí. Oṣù Ràjábù ni ìyá wọn kú. Wọ́n bu mọ́ínmọ́ín fún mi tán, wọ́n ní, "Wákàtí kan péré ni Mẹ́kà sí mi, Àáfà. Bá mi dé ibẹ̀ fún ìyá mi." Wọn kò sunkún. Wọ́n kàn ń fọwọ́ na aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀ aṣọ náà kò rún. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Mo sì mọ iṣẹ́ yìí! Òkú mẹ́rìnlá ni mo ti ṣe é fún. Ìyá Àlàájì kan n'Ìlọrin, ọkọ obìnrin kan n'Íṣẹ́yìn… ẹnu mi kò ṣì rí. Mẹ́rìnlá — bàbá mi kò sí nínú wọn. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Kìfáyàtù, ẹ̀gbọ́n mi, á pè pé ṣé mo ti ṣe tiwọn, n ó ní ó di lẹ́yìn ìdánwò. Ó di lẹ́yìn ààwẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ọ̀hún kò dé.

Ibi iná aláwọ̀ ewé rè é, tí ọkùnrin ti ń sáré díẹ̀. Mo ń sáré. Hájárà ló kọ́kọ́ sáré níbí, omi ló ń wá fún ọmọ rẹ̀. Omi…

Agbẹ́kànga ni bàbá mi n'Ìwó. Kànga tó wà lẹ́yìn ilé-kéwú wa, àwọn ló gbẹ́ ẹ, ogójì ẹsẹ̀ bàtà, dípò owó ẹ̀kọ́ mi. Wọn kò mọ álífà. Bí mo bá ń kéwú nílé, wọ́n á ní kí n gbóhùn sókè, kí etí àwọn náà lè jẹ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ níbí, wọn kò ní kí n ra nǹkan kan bọ̀. Wọ́n ní kí n wo kànga Sàmúsàmù, omi tí Hájárà rí, dáadáa, kí n wá sọ irú òkúta tí wọ́n fi mọ ẹnu rẹ̀. N kò rí kànga kankan. Wọ́n ti bò ó, ẹnu ẹ̀rọ la ti ń pọn ọ́n. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo já wọn kulẹ̀, ni mo bá parọ́: òkúta dúdú ni, Bàbá, ó ń dán. Wọ́n sọ ọ́ kárí àdúgbò.

Tí kò bá sí ilé-kéwú, èmi ni mo máa ń wà lókè, tí mo ń fa garawa erùpẹ̀. Wọ́n á wà nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n á pè: "Sàmádù!" Wọn kò fẹ́ nǹkan kan. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹni tó di okùn mú kò tíì lọ. N ó ní, "Mo wà ńbí, Bàbá." Wọ́n á tún máa gbẹ́ ẹ lọ.

Kìfáyàtù ní… ó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, orúkọ mi ni wọ́n ń pè. "Wọn ò dákẹ́, Sàmádù. Wọ́n ṣáà ń pè ọ́." Mo wà níbi ìdánwò, fóònù mi wà níta. Kí n tó jáde, wọ́n ti ń pọn omi tí wọn yóò fi wẹ̀ wọ́n.

Ìlọ keje. Máríwà ló wà níwájú yẹn. Kí ló dé tí n kò ṣe tiwọn láti oṣù mẹ́jọ? Ọ̀lẹ? Rárá o. Òkú ni mo máa ń ṣe é fún. Bí n kò bá tíì ṣe é fún wọn, á jẹ́ pé… á jẹ́ pé wọ́n ṣì wà n'Ìwó. Wọ́n ṣì ń gbẹ́ kànga.

Mo ti dé òkè. Àwọn èèyàn ń kọlù mí, mi ò kúrò.

Ahọ́n mi kò ṣì. Kí n má fi òfin tan ara mi jẹ. Bàbá mi ló wà lọ́kàn mi ní Tan'im, àwọn nìkan. N ó pe Àlàájà, n ó jẹ́wọ́ fún wọn. Lọ́la n ó padà lọ wọ háràmí tuntun fún Àbẹ̀bí. Ti òní kì í ṣe ti Àbẹ̀bí. Bàbá mi ti kú. Mo sọ ọ́. Bàbá mi ti kú, Ọlọ́run ni mo sì ń jẹ́ ìpè Rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n nítorí tiwọn ni, ó pẹ́ ni, oṣù mẹ́jọ…

Mo wà ńbí, Bàbá.