Tíkẹ́ẹ̀tì Oṣù Kẹsàn-án

"Ó ti wálẹ̀, Màmá. Bí mo ṣe sọ fún yín náà ló rí," Clementina wí, ó sì yí ìwé owó ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ kí obìnrin náà lè rí i. "Láti àná ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà tí wọ́n ń gbà lóṣù tó kọjá ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà."

Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Marina, ó sì mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá lọ sí London láti oṣù keje títí di àárín oṣù kẹsàn-án, owó ọlọ́lidé ló máa san, nítorí ìgbà náà ni àwọn olówó Èkó ń kó ọmọ wọn lọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá sanwó sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, tirẹ̀ á dín. Nígbà tí Ìyá Bọ́lájí, tó ń rán kọ́tìnì ní Ìdúmàgbò, kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ọdún 1991 yìí, gbogbo rẹ̀ ló là sílẹ̀ fún un. Ó ní kó fọwọ́ wọ́nú di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án. Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì ṣàdúrà fún un pé kò ní í ṣìnà.

Ṣùgbọ́n lónìí, kò wo ìwé náà rárá.

"Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ," ló wí.

"Ọ̀la kẹ̀? Màmá, ẹni tó bá ti sanwó sílẹ̀ tipẹ́ ló ni ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yìí o. Tó bá jẹ́ ọ̀la, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká mú un di oṣù tó ń bọ̀?"

"Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n máa sin ín."

"Sin ta ni, Màmá?"

"Bọ́lájí. Ọmọ mi tó wà ní London. Ọjọ́ Sátidé ló kú. Kíndìnrín ni."

Obìnrin náà kò sunkún. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń júwe ilé.

"Àwọn ẹbí ní n ò gbọdọ̀ lọ. Wọ́n ní òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fẹ́ sin ín. Kò sí ẹnì kan láàárín wọn tó mọ orúkọ tí mo ń pè é nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. N ò ní í dé etí sàréè. Mo kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó dé pósí." Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí itan. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wa. O sọ pé ó máa wálẹ̀."

Clementina ronú díẹ̀. Ọ̀nà kan wà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú tàbí àìsàn tó le, tí ìwé ẹ̀rí sì wà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè fojú fo òfin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ṣé ìwé kankan wà lọ́wọ́ yín, Màmá?"

Méjì ni obìnrin náà yọ jáde. Èkínní, fáàsì ni, ìwé tí àwọn ọ̀rẹ́ Bọ́lájí fi ẹ̀rọ rán sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Balógun, tó sọ ọjọ́ àti wákàtí tó kú. Èkejì jẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní ara ọ̀dọ́kùnrin náà kò yá rárá, kí ìyá rẹ̀ má ṣe pẹ́ kó tó wá. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ni wọ́n kọ sórí rẹ̀.

"Èyí ti wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wá?"

"Inú báàgì yìí ló wà lọ́jọ́ náà. Òun ni wọ́n fi fún mi ní físà."

Clementina kó ìwé méjèèjì, ó jáde. Bàbá Bọ́lájí, tó bá ìyàwó rẹ̀ wá, jókòó sórí pèpéle lóde, kò fẹ́ wọlé. Clementina kúnlẹ̀ kí i, ó kí i kú ìrọ́jú. Bàbá náà kàn mi orí.

Ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kò jìnnà. Raymond, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́, ka fáàsì náà, ó sì fọwọ́ sí i. Kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ló ka lẹ́tà dókítà.

"Clementina, kí ló dé tí o ò mú èyí wá lóṣù tó kọjá? À bá ti gbé ìyá yìí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà nígbà náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ikú kì í san owó ọlọ́lidé. Ìwọ náà mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Inú ìwé tó ń ṣí lójoojúmọ́ ni òfin náà wà. Ó rìn padà lẹ́bàá ọ̀sà. Èló ni, àti ìgbà wo ni yóò wálẹ̀: ohun tí ìyá náà bi í lóṣù kẹjọ nìyẹn, ohun tó sì dá a lóhùn nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ kò bi í pé ta ló fẹ́ lọ rí.

"Kí ni wọ́n wí?" Ìyá Bọ́lájí béèrè.

Ó lè sọ pé wọ́n gbà, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Dípò kó lọ sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó ti obìnrin náà.

"Wọ́n gbà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni." Ó fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́. "Màmá, lẹ́tà dókítà yẹn. Ká ní mo mọ̀ nípa rẹ̀ lóṣù tó kọjá, iye yìí kan náà ni ẹ̀ bá san. Ẹ̀ bá ti lọ lọ́sẹ̀ náà. Ó yẹ kí n bi yín. N ò bi yín."

Obìnrin náà ká lẹ́tà náà, ó fi í padà sínú báàgì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ká ní o bi mí, n ò ní sọ. Gbogbo Ìdúmàgbò ló ń pè mí ní Ìyá London. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún àjèjì pé ọmọ náà ń kú lọ?" Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè. "Mo fẹ́ ta maṣíìnì mi kí n lọ. Bàbá rẹ̀ ló ní ká dúró. Ó ní ṣé n ò gbọ́ ohun tí ọmọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wí ni, oṣù kẹsàn-án ò jìnnà. Láti Sátidé, kò tíì fi nǹkan kan ẹnu."

Clementina padà sídìí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Kò tíì kọ ìlà méjì tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Bàbá Bọ́lájí ló wọlé. Ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, má bínú. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan." Kò wo ìyàwó rẹ̀. "Lóṣù kẹjọ tí Ìyá Bọ́lájí wá, ṣé ọ̀nà kankan wà tí ì bá fi lọ nígbà náà?"

Ìyá Bọ́lájí gbójú sókè. Kò ṣẹ́jú, kò mi orí. Ó kàn ń wo Clementina.

"Kò sí, Bàbá," Clementina wí. "Kò sí ọ̀nà kankan."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó rọra jókòó. Clementina tẹ orí ba, ó sì ń kọ orúkọ ìyá náà lọ, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn.