Eérú Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ mi báyìí? Pé kì í ṣe oyún… lẹ́ẹ̀kẹta. Mọ́tò Ọ̀kà kò tíì kún ní gáréèjì Ìkàrẹ́ yìí, kó má tiẹ̀ kún mọ́. Tí mo bá délé, màmá á ti se ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀ dè mí, ikùn mi ni wọ́n á kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú mi.

Ó ti rẹ̀ mí.

Tí nǹkan oṣù mi bá ti pẹ́, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ojú wọn kì í kúrò lára okùn tí mo ń sáṣọ sí. "Iyìọlá, oyún ni. Má gbé nǹkan tó wúwo mọ́." Ó di ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ìjọ. Lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ á dé, wọ́n á ní oyún bàjẹ́, ta ló wà nídìí ẹ̀? Oyún wo? Nathaniel ọkọ mi á rọra jáde síta. Kì í bínú. Jíjáde rẹ̀ yẹn ni mi ò lè fara dà… ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Dókítà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ ní ohun tó ń ṣe mí lórúkọ. PCOS. Ó ní ẹyin inú mi ni kì í gbó bọ́ lásìkò, ìyẹn ló fà á tí nǹkan oṣù fi ń pẹ́, tí irun fi ń hù… Mo yáa fi ìborùn bo àgbọ̀n mi. Àràárọ̀ ni mo ń fi bíléèdì fá a kí Nathaniel tó jí. Ó ní ó pọ̀ láàárín àwọn obìnrin. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe — àwọn ọlọ́ya yòókù dà? Àbí bíléèdì ni gbogbo wa ń gbé pamọ́? Ó tún sọ̀rọ̀ ìtọ́jú, pé àwọn tó ní in ń bímọ. Etí mi ti di nígbà yẹn.

Dókítà wá bi mí: "Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ìdílé yín?"

Mo ní rárá o. Kò sí irú ẹ̀ nílé wa. Ìyá tó bí mi… ìyá mi…

Dúró ná.

Lẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Ọ̀bà. Ìyá mi lórí àpótí, dígí lórí itan, wọ́n fi eérú pa ọmọ ìka kí irun àgbọ̀n wọn má baà máa yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á fà, wọ́n á ṣẹ́jú, wọ́n á tún fà. Tí mo bá yọjú: "Wọlé lọ. Nǹkan àgbà ni." Mo rò pé wọ́n ń ṣoge ni. Gbogbo ìkórè ni wọ́n ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn pẹ́ títí nílé ọkọ, wọ́n ti fẹ́ ìyàwó lé àwọn kí Olúwa tó fún àwọn ní ọmọ kan ṣoṣo. Ìjọ á hó. Ọ̀rọ̀ eérú ò wọ ẹ̀rí yẹn rí.

Ìyá mi, ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi? Rárá… ẹ ò mọ̀. Ta ni ì bá sọ fún yín? Inú ń bí mi sí yín, àánú yín sì ń ṣe mí.

"Ọ̀kà, ẹnì kan ló kù!" Ẹni náà ti wọlé. Mọ́tò ti gbéra. Ọbẹ̀ ẹja ṣì ń dúró dè mí, ikùn mi ò yọ síbẹ̀.

Àmọ́ tí dókítà bá tún bi mí… ó ti ṣe ẹnì kan rí nínú ìdílé wa. Ó ṣe ìyá mi, ó ṣe wọ́n, wọ́n sì bí mi.