Rédíétọ̀ Tó Fẹ́ Gùnfẹ̀

Òtútù Dìsẹ́ńbà ọdún 2010 kì í ṣe òtútù tí ènìyàn ń bá ṣeré. Yìnyín bo gbogbo òrùlé Rusholme ní ìlú Òyìnbó, bọ́ọ̀sì tí Ṣẹ̀san ń wà lójú Oxford Road sì ń wọ́ bí ìgbín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Yàrá òkè, níbi tí Adéṣẹwà ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ tuntun wọn ń sùn, kọ̀, kò gbóná. Ọ̀la sì ni ìkómọ.

Ìyá Adéṣẹwà, tó ti Ìjẹ̀bú-Òde wá wẹ ọmọ, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Ṣẹ̀san, ọkọ ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í tọ́ ọmọ jòjòló nínú fíríìsà. Mo ti pe Ṣùbòmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní Bolton. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò fi mọ́tò wá kó wa. Ilé tiẹ̀ gbóná. Ibẹ̀ la ó ti sọ ọmọ lórúkọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ṣẹ̀san. Kí wọ́n sọ àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ nílé onílé! Kí pásítọ̀ àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé jọ, kí òun bàbá ọmọ wá máa bi Ṣùbòmí léèrè ibi tó ń kó ife sí! Ó ti pe gbogbo àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe. Wọ́n ní iṣẹ́ ti wọ àwọn lọ́rùn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè títí Ṣùbòmí á fi dé."

"Kí lo fẹ́ ṣe sí i, dírẹ́bà?"

"Mo fẹ́ wò ó ni, Ma."

Wíwò náà ló sì kọ́kọ́ ṣe. Ṣẹ̀san kì í kánjú tú nǹkan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti máa ń jókòó ti ohun tó bá bàjẹ́ títí ohun náà yóò fi ṣàlàyé ara rẹ̀ fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan rédíétọ̀, irin funfun pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri lábẹ́ fèrèsé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná, òkè rẹ̀ tutù rinrin. Inú Ṣẹ̀san dùn. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ wo bọ́ílà ní kíṣìnì: iná rẹ̀ ń jó, ó ń kùn bó ṣe yẹ.

Ó ti yé e. Omi tí bọ́ílà bá sè, bí bọ́ọ̀sì ló rí: á gba inú páìpù kó ooru lọ láti yàrá dé yàrá, á já a sílẹ̀ lára irin, á sì padà wá kó òmíràn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fúyẹ́ ju omi lọ. Èyí tó bá ṣèèṣì wọnú páìpù, òkè ilé ni yóò sá lọ, á jókòó sórí rédíétọ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó ń lọ, omi gbígbóná ò sì ní ráyè kọjá.

Ó pa bọ́ílà kí omi lè rọlẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ kékeré kan àti tówẹ̀lì, ó padà sókè.

"Ẹ má bínú, Ma. Mo fẹ́ bleed ẹ̀ ni."

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Ìyá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n dìde dúró.

"O fẹ́ kí kí ni ṣẹ̀jẹ̀?"

"Rédíétọ̀, Ma. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn."

"Ẹ̀jẹ̀! Nínú yàrá ọmọ tí kò tíì lórúkọ! Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan la máa pè níbí o!"

Adéṣẹwà bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mọ́mì, Gẹ̀ẹ́sì lásán ni."

"Lásán? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì lásán ni wọ́n fi fún ẹ ní dìgírì?"

Ṣẹ̀san ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò kékeré tó wà létí òkè rédíétọ̀, ó rọra yí i. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, ó ń dún bí ejò. Lójijì ni omi pupa rúsúrúsú ta sára tówẹ̀lì funfun.

"Ó ti ṣẹ̀jẹ̀!" Ìyá figbe ta. Ọmọ ta jí, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá yára gbé e lé èjìká, wọ́n ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ọmọ náà gùnfẹ̀, ó sì dákẹ́. Ṣẹ̀san yí ihò náà pa, ó tẹjú mọ́ wọn, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, kí ló ń ṣe é?"

"Afẹ́fẹ́ ló gbé mì mọ́ ọyàn. Tí kò bá gùnfẹ̀, ara ò ní tù ú."

"Ohun tó ń ṣe rédíétọ̀ náà nìyẹn, Ma. Ó ti gbé afẹ́fẹ́ mì. Mo fẹ́ kó gùnfẹ̀ ni. Omi pupa yẹn, irin tó dógùn-ún ló rí bẹ́ẹ̀."

Ìyá tẹ̀ síwájú, wọ́n gbóòórùn tówẹ̀lì náà, wọ́n sì wo Ṣẹ̀san tìyanu-tìyanu.

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ látẹ̀ẹ̀kan? Àbí o ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?"

Ṣẹ̀san lọ tan bọ́ílà. Kò tàn. Ó tún un tàn, kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni aago ẹnu ọ̀nà dún: Ṣùbòmí ti dé, yìnyín lórí fìlà rẹ̀.

"Ilé ti wá tutù látòkè délẹ̀!" Ìyá ké láti orí àtẹ̀gùn. "Ṣùbòmí, má wulẹ̀ pa mọ́tò!"

Ṣẹ̀san fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó wo ojú bọ́ílà. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí omi ṣe kún tó ti wálẹ̀ fẹ̀ẹ̀. Ó fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti jáde. Ta ló wá jókòó sípò rẹ̀? Kò sí; omi tó kù nínú páìpù ò tó kí bọ́ílà tàn. Ó ṣí ẹ̀rọ omi kékeré tó wà lábẹ́ bọ́ílà. Omi ń ṣàn wọlé, abẹ́rẹ́ ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó tì í pa, ó tún bọ́ílà tàn. Ó wúkọ́, ó kùn, iná sọ.

Gbogbo wọn dúró yí rédíétọ̀ ká lókè, Ṣùbòmí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ìyá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí irin náà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ kúrò wàrà, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ṣùbòmí, bọ́ bàtà ẹ. Wàá jẹun kó o tó padà."

"Àǹtí, ṣé ẹ ò lọ mọ́ ni?"

"Lọ síbo? Ṣé ilé onílé ni wọ́n ti ń kó àkọ́bí jáde ni?"

Lọ́jọ́ kejì, èrò kún pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n sọ ọmọ ní Ayọ̀mikún. Kí àdúrà tó parí, òógùn ti ń bọ́ lójú pásítọ̀, ó ní kí ẹnìkan jọ̀ọ́ bá àwọn ṣí fèrèsé.

"Ẹ má ṣí i o!" Ìyá ti dúró síwájú fèrèsé, ọmọ lọ́wọ́ wọn. "Ọkọ ọmọ mi ló ṣe ooru yìí. Pásítọ̀, ẹ bọ́ kóòtù."

Pásítọ̀ sì bọ́ kóòtù.