Ẹ̀rọ Ìbàdí Sàfúrátù

Hàà, ilé kéwú Àfáà Màmúdù! Títí dòní, bí Sàfúrátù bá gbóòórùn tàdáà tí wọ́n fi ń kọ wàláà, omi a lé ròrò sójú rẹ̀. Ìlọrin ọdún 1994 ló ń rántí yẹn: ẹní nílẹ̀, ọmọ wẹẹrẹ lórí ẹní, kálukú ń mì síwá sẹ́yìn bó ti ń ké kéwú rẹ̀. Ta ní í jókòó gbagidi ké kéwú? Àfi ẹni tó ń tòògbé!

Ọdún yẹn ni Áńtí Ìrètí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé Tanke, kó àwọn ẹ̀rọ kan wá tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ìbàdí ọmọ ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí ọmọ bá ń sáré, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà á máa gòkè. Áńtí fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ Ìlọrin ṣe ń ṣeré sí. Nígbà tó kan Sàfúrátù, áńtí wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti bà jẹ́, ó ní, "Èyí ńkọ́, Àfáà?"

"Kì í ṣọmọ ni? Ẹ so ó mọ́ ọn jàre."

Inú Sàfúrátù dùn kọjá sísọ! Òun tó jẹ́ pé bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, bàtà ni wọ́n ń kó tì í pé kó máa ṣọ́. Wàyí o, òun náà ti di ọ̀kan lára wọn.

Nígbà tí áńtí padà wá wo ẹ̀rọ, nọ́ńbà Sàfúrátù ga ju ti Umar lọ, Umar tí kì í rìn bí kò ṣe pé kó sáré! Ojú áńtí le.

"Sàfúrátù, ta lo gbé ẹ̀rọ yìí fún?"

"Mi ò gbé e fún ẹnì kankan, áńtí."

"Irọ́! Màá tú u."

Ó ti di okùn mú. Ọmọ bú sẹ́kún. Ẹ̀sùn irọ́ dùn ún lóòótọ́, àmọ́ pé wọ́n tún fẹ́ yọ ọ́ láàárín ẹgbẹ́ ló dùn ún jù.

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni Àfáà ti na pàṣán mọ́lẹ̀, àsìkò kéwú tó. Sàfúrátù fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé wàláà sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó ti ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni ń lọ ata, ó ń mì ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọwọ́ áńtí ṣì wà lára okùn. Ó wo ẹ̀rọ: nọ́ńbà ń gòkè.

"Yéè! Kéwú ni!" Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ. "Jọ̀wọ́, má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n eré ni mo wá wọ̀n, n ò lè ka tìrẹ mọ́ tiwọn."

Sàfúrátù fọwọ́ bo ẹ̀rọ náà. "Ẹ yọ nọ́ńbà mi, áńtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú u. Ti àwọn yòókù ṣì wà nídìí wọn."

Áńtí tún okùn náà so, ó so ó dáadáa.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún kó bàtà wọn ti Sàfúrátù, wọ́n sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó jókòó ti bàtà wọn, ó ń rọra mì síwá sẹ́yìn, kí ẹ̀rọ tirẹ̀ náà lè máa kà.