Owó Tube Tí Báǹkì Kò Rí

Gbogbo ìparí oṣù ni Olúwakẹ́mi máa ń fi ìwé ilé ìtajà wé ìwé tí báǹkì bá tẹ̀ jáde, tí yóò máa fi bírò fàlà sí iye tó bá bára mu. Oúnjẹ adìyẹ ni wọ́n ń tà ní Ìlaròó. Àlájà Sàlímọ́tù Bàrúwà ló ni ilé ìtajà náà, ó sì ní ẹ̀ka kan ní Tube, lẹ́bàá ibodè, tí Málọmọ́ ń bójú tó.

Lóṣù yìí, bírò dúró. Àwọn owó kan tí Málọmọ́ kọ pé àwọn oníbàárà san, tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlénígba náírà, báǹkì kò rí wọn.

"Ṣé o wá a dáadáa?" Àlájà bi í.

"Mo wá a títí, Màmá. Mo tilẹ̀ fi àdúrà sí i."

"Ó ti wà lápò ẹnìkan nìyẹn. Mo ti ní kí Málọmọ́ máa bọ̀. Bí mo bá kí ìrun ọ̀sán tán tí owó kò tíì jáde, kó kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kó máa lọ."

Ọkàn Olúwakẹ́mi wúwo. Ní Tube, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, ta ni yóò tún gba ẹni tí wọ́n lé nítorí owó síṣẹ́? Ìṣirò tí òun ṣe ni wọn yóò sì fi lé e. Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kó má jẹ́ kí òun fi bírò pa ẹni tí kò ṣẹ̀.

Málọmọ́ dé lórí ọ̀kadà, eruku ti bò ó dójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ìṣojú mi ni àwọn oníbàárà ti san owó yẹn! Mo rí i lórí fóònù wọn kí n tó gbé àpò kankan fún wọn."

"Alẹ́ẹ̀tì tìrẹ ńkọ́?"

"Alẹ́ẹ̀tì wo? Ní Tube? Nẹ́tíwọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ ni fóònù mi máa ń gbé. Faransé ló fi ń kí mi káàárọ̀."

"Orúkọ wo lo rí lórí fóònù wọn?"

"Orúkọ Àlájà. Sàlímọ́tù Bàrúwà, gbangba."

Olúwakẹ́mi gbórí sókè. "Kò sí 'àti Àwọn Ọmọ' lẹ́yìn rẹ̀?"

Málọmọ́ ronú. "Kò sí."

Bẹ́ẹ̀, "Sàlímọ́tù Bàrúwà àti Àwọn Ọmọ" ni báǹkì mọ ilé ìtajà náà sí. Olúwakẹ́mi yíjú sí Àlájà. "Màmá, ṣé ẹ ní àkáǹtì mìíràn ni?"

"Èyí tí mo ń tọ́jú owó Mẹ́kà sí nìkan. Kò kan ọjà."

"Màmá," Málọmọ́ rọra sọ, "lọ́jọ́ tí àkáǹtì ọjà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, ẹ fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ pé kí wọ́n sanwó sí i. Mo ti pa á rẹ́ lára pátákó tí mo kọ ọ́ sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n àwọn ará òdìkejì ibodè, nọ́ńbà tó bá ti gba owó wọn lẹ́ẹ̀kan láìsí wàhálà, wọn kì í fi í sílẹ̀. Inú fóònù wọn ló wà."

Àlájà fọwọ́ lérí: nọ́ńbà àkáǹtì Mẹ́kà ló fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti gbàgbé. Ó ti ní kí báǹkì má fi alẹ́ẹ̀tì àkáǹtì náà ránṣẹ́ sí òun mọ́, ó sì ti gbé káàdì rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ní Ayétòrò, kí ojú òun má baà wọ owó ilé Ọlọ́run kí ìgbà tó tó. Kò fẹ́ mọ iye tó wà níbẹ̀ rárá.

"Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ wò ó," Olúwakẹ́mi bẹ̀ ẹ́. "Ẹ kò ní ná an. Orúkọ ọmọlọ́mọ lẹ fẹ́ yọ nínú ẹ̀gbin."

Àlájà tún ìborùn rẹ̀ wé, ó sọdá títì lọ sí báǹkì.

Àwọn méjèèjì jókòó dè é.

"Ẹ̀gbọ́n, bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀," ni Olúwakẹ́mi wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà báǹkì.

Àlájà kò tíì sọdá padà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju bébà kan sókè. "Ó pé! Gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀! Àlùhámúdùlílááhì!"

"Ògo ni fún Olúwa!" Olúwakẹ́mi dá a lóhùn. Málọmọ́ bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ń fi í nu ojú lórí àpò oúnjẹ adìyẹ tó jókòó lé.

"Ọmọ mi," Àlájà dúró níwájú rẹ̀, "mo ti pè ọ́ lólè nínú ọkàn mi. Foríjì mí."

"Ó ti tán, Màmá."

"Ó kàn dùn mí díẹ̀, ọmọ mi, pé owó ọjà ni. Nígbà tí akọ̀wé báǹkì pe iye tó wà níbẹ̀, mo rò pé àwọn màlékà ló ń bá mi dá owó Mẹ́kà!"

"Èmi ni màlékà ọ̀hún," ni Málọmọ́ wí.

Ẹ̀rín pa Olúwakẹ́mi tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà tó ń fà sí owó Tube fi wọ́, ó sì tún un fà.